Ohun Tó Ń Mú Wàrà Dì

Alárobọ̀ wàrà ni ìyá mi ní Ṣakí. Lásìkò ìsinmi ilé ìwé, èmi ni mo máa ń ru igbá òfìfo tẹ̀ lé e lọ sí gáà Fúlàní. A ó ti fi ilé sílẹ̀ kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ìrì á ti rin aṣọ mi dé orúnkún, bí a bá sì dé ọ̀hún, àwọn ọmọkùnrin á ṣì wà nídìí màlúù, tí wọ́n ń fún ọmú rẹ̀ sínú igbá. Lọ́dún 1963 tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Obìnrin tí ìyá mi máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá Gáà ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ Ṣakí, nítorí pé Ṣakí náà ni wọ́n bí i sí. Àfi tó bá ń ka owó ló máa ń padà sí èdè Fúlàní.

Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ tì í nídìí iná. Ó já ewé bomubomu mẹ́ta-mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀mùnú rẹ̀, oje funfun ń kán lára rẹ̀. "Má fi ọwọ́ ẹ kan ojú o," ló wí, "oje yìí ń bani lójú jẹ́." Ó gún ewé náà, ó bu mílíìkì díẹ̀ sí i, ó fi ọwọ́ pò ó, ó sẹ́ ẹ, ó wá da omi ewé náà sínú ìkòkò mílíìkì tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí iná. Ó yọ igi kan kúrò nídìí ìkòkò kí iná má baà pọ̀ jù. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó pẹ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú mílíìkì náà wá ń ki, ó ń gbọ̀n pẹ́pẹ́ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Kò pẹ́ sí i, ó pín sí méjì: wàrà funfun dúró lọ́tọ̀, omi tó rí bí omi orí ògì dúró lọ́tọ̀.

"Màmá, kí ló mú un dì?"

"Ewé ni."

"Kí ni ewé ṣe fún un?"

Ó wo ìyá mi, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ alákọ̀wé, ìyẹn di ọwọ́ tíṣà ẹ."

Tíṣà mi kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà wá di tíṣà, mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́místírì, ìbéèrè yẹn kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níbí. Ó gùn ju bí mo ti rò lọ, nítorí pé kò parí sínú ìkòkò wàrà. Ó dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wa, ó sì dé inú egungun ọmọ wa. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, mílíìkì ni n óò máa pe ti olómi, wàrà ni n óò máa pe èyí tó ti dì, bí ará ọjà ti ń pè é.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn wàrà nílẹ̀ Yorùbá, ibi tí màlúù lè gbé ni kó kọ́kọ́ wò. Nínú igbó kìjikìji ìhà gúúsù, eṣinṣin tsẹ́tsẹ̀ kò jẹ́ kí màlúù oníké gbáyé. Eṣinṣin yìí ló ń gbé kòkòrò àìsàn tí ń mú màlúù rù títí yóò fi kú. Màlúù kékeré aláìníké tí àwọn baba wa ń sìn lè fara dà á, ṣùgbọ́n mílíìkì rẹ̀ kò tó nǹkan, a kì í sì í fún un. Bí igbó bá ti ń tán, tí ọ̀dàn bá bẹ̀rẹ̀, ní Òkè-Ògùn, ní àgbègbè Ìlọrin, títí wọ ilẹ̀ Bàrìbá, ibẹ̀ ni màlúù oníké ti ń jẹko ní ìrọ̀rùn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn darandaran Fúlàní dó sí. Wọ́n ti wà láàárín àwọn ará Ọ̀yọ́ kí ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá olórí ogun àti Álímì àlùfáà tó dá ogun sílẹ̀ ní Ìlọrin níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun dé, ogun lọ, àwọn ọba yí padà, ṣùgbọ́n obìnrin Fúlàní kò yéé gbé igbá rẹ̀ wọ ọjà.

Ní ilẹ̀ Bàrìbá, ní apá orílẹ̀-èdè Benin, ní Nikki àti Parakou, wàrà kan náà ni wọ́n ń pè ní wagashi. Wàràǹkàṣì ni àwọn àgbà wa náà ń pe tiwa, ẹni tó bá sì fi orúkọ méjèèjì sẹ́nu yóò gbọ́ pé ìbátan ni wọ́n. Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń fi èèpo pòròpórò ọkà bàbà pa á láró títí yóò fi pupa, wọ́n á sì kó o lọ sí Cotonou àti ilẹ̀ Togo. Ní Ṣakí, funfun la fẹ́ ẹ, a sì fẹ́ kó wà nínú omi rẹ̀.

Ọ̀nà tí ìyá mi ń gbà ṣòwò náà ní ìlànà tirẹ̀. Ìyá Gáà kì í gba owó nìkan. Iyọ̀, ọṣẹ, gàrí àti àgbàdo wà lára ohun tí a máa ń rù lọ, wọ́n á ṣírò rẹ̀ mọ́ wàrà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá gbẹ, mílíìkì á dín, wàrà á wọ́n, Ìyá Gáà á sì tà á láwìn fún ìyá mi nìkan, nítorí pé nígbà òjò tí wàrà bá pọ̀ rẹpẹtẹ tí kò rí ẹni rà á, ìyá mi kì í fi sílẹ̀ fún un. Tí a bá délé, a ó kó apá kan sínú igbá fún ẹni tó fẹ́ ẹ ní tútù, a ó gé ìyókù, a ó fi iyọ̀ àti ata pa á lára, a ó sì dín in. Ènì tí ìyá mi máa ń fún oníbàárà ni omi wàrà, ìgò kan fún ẹni tó bá ra púpọ̀.

Ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni mo fi ìkánjú ba ìkòkò wàrà kan jẹ́. Wọ́n ti kọ́ wa pé kí a máa se mílíìkì dáadáa kí ó tó wọ ẹnu, kí ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù má baà ràn wá. Mo délé, mo ra mílíìkì ní gáà, mo sè é títí ó fi hó yeye, mo jẹ́ kó tutù díẹ̀, mo wá da omi ewé sí i. Kò dì. Ó kàn ṣe pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ògì tí kò jinná. Mo fi ewé kún un, ó wá korò. Nígbà tí mo ròyìn fún Ìyá Gáà, ó ní, "O ti pa á kí o tó bí i. Ewé ló ṣáájú, híhó ló kẹ́yìn." Kò sí ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti rí i.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú lọ sínú ìwé, nígbà tí mo wá rí ìwé tó dá mi lóhùn.

Ikùn onípele mẹ́rin ni màlúù ní. Láti ayébáyé ni àwọn ará Yúróòpù ti mọ̀ pé ikùn kẹrin ọmọ màlúù tí ń mu ọmú máa ń sọ mílíìkì di lílè. Wọn a sá ikùn náà, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, wọn a da omi rẹ̀ sínú mílíìkì. Kò sí ẹni tó mọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Ti òní lè le ju ti àná lọ. Lọ́dún 1874, ará Denmark kan, Christian Hansen, bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀ fún títà ní Copenhagen, tí agbára ìgò kan kò yàtọ̀ sí ti èkejì. Láàárín àsìkò yẹn kan náà, ní Uppsala nílẹ̀ Sweden, Olof Hammarsten ń wá ohun tí oje ikùn náà ń ṣe gan-an. Ó rí i pé iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, oje náà ń yí purotéènì inú mílíìkì padà. Èkejì, purotéènì tó ti yí padà náà kò ní dì àfi tí kálísíọ̀mù bá wà nínú omi náà. Tó bá yọ kálísíọ̀mù kúrò, ó wà ní omi. Tó bá dá a padà, ó dì.

Ní 1876, Wilhelm Kühne ti Heidelberg nílẹ̀ Jámánì fún irú oje bẹ́ẹ̀ lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí: ẹ́ńsáìmù. Láti inú èdè Gíríìkì ló ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "inú ìwúkàrà". Ẹ́ńsáìmù jẹ́ òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ kì í pa. Yóò gé nǹkan kan, yóò fi í sílẹ̀, yóò bọ́ sórí òmíràn, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní dín kù. Ìdí nìyẹn tí ewé mẹ́ta-mẹ́rin fi tó odindi ìkòkò. Ohun tó lè ṣẹ́gun rẹ̀ ni ooru púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú ìkòkò. Àwọn hóró purotéènì kéékèèké ló kún inú mílíìkì, ojú lásán kò lè rí wọn. Kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú wọn, ara wọn sì ní irun. Bí òòrẹ̀ méjì tí ẹ̀gún ara wọn kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra ni wọ́n rí: bí ọ̀kan bá fẹ́ kan èkejì, irun á tì í sẹ́yìn. Ohun tí kò jẹ́ kí mílíìkì dì fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù ewé bomubomu a wọlé, a fá irun náà. Nígbà náà ni àwọn hóró náà lè fara kanra, tí kálísíọ̀mù yóò sì so wọ́n pọ̀ bí okùn ti ń so igi ọgbà. Ewé ń fá, kálísíọ̀mù ń so. Tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò bá sí, kò sí wàrà.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ se mílíìkì wá yé mi. Híhó ti mú kí purotéènì mìíràn lẹ̀ mọ́ ara àwọn hóró náà, ó bo ibi tí abẹ ewé ìbá ti gé. Apá kan kálísíọ̀mù tó wà nínú omi náà sì ti kúrò níbi tó ti wúlò. Nígbà tí Ìyá Gáà bá se tirẹ̀ kẹ́yìn, abẹ ti ṣiṣẹ́ tán, híhó ló ń dá abẹ náà dúró kó má baà gé wàrà kọjá ibi tó yẹ, kó má sì korò. Híhó kan náà ló ń pa kòkòrò àìsàn inú mílíìkì. Ìmọ̀ mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn kan tí mo fi ẹ̀rín gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìbátan ẹ́ńsáìmù ewé bomubomu wà nílé gbogbo wa. Inú oje ìbẹ́pẹ dúdú ló wà. Gbogbo ìyá tó bá ti se ẹran àgbà màlúù mọ̀ pé tí a bá gé ìbẹ́pẹ dúdú sí i, ẹran tó le bí bàtà yóò rọ̀. Lọ́dún 1879 ni Adolphe Wurtz àti Bouchut nílẹ̀ Faransé ya ohun tí ń ṣiṣẹ́ náà sọ́tọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní papain. Àwọn ìyá wa ti ń lò ó láìsí orúkọ.

Kálísíọ̀mù ní tirẹ̀ ní ìtàn tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dọọdún. Ní London, dókítà kan wà ní ilé ìwòsàn University College, Sydney Ringer lorúkọ rẹ̀. Ó ń wá irú omi tó lè jẹ́ kí ọkàn àkèré tí a yọ kúrò lára máa lù nìṣó. Ní 1882, ó kọ ọ́ jáde pé omi iyọ̀ lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ìlú London ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ fi pò iyọ̀ náà, pé kì í ṣe omi tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀. Ringer fi omi mímọ́ gaara tún un ṣe. Ọkàn àkèré náà rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi dákẹ́. Ó fi kálísíọ̀mù díẹ̀ sí i, irú èyí tó wà nínú omi ẹ̀rọ. Ọkàn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Lọ́dún 1883 ló kọ àtúnṣe náà jáde, kò fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lára omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára káàkiri ilé ìwòsàn Nàìjíríà títí dòní. Ẹni tó bá ti gba dríìpù tí wọ́n kọ Ringer sí lára, ìtàn àkèré yẹn wà nínú iṣan rẹ̀.

Láti ọkàn dé ẹ̀jẹ̀ kò jìnnà. Ní Paris lọ́dún 1890, Maurice Arthus àti Calixte Pagès ń ṣe ìwádìí lórí nǹkan méjì: bí mílíìkì ṣe ń dì àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, wọ́n fi oxalate, ohun tí ń gbá kálísíọ̀mù mú, sí i. Ẹ̀jẹ̀ náà kò dì. Wọ́n fi kálísíọ̀mù kún un, ó dì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo dìde lórí àga. Ohun tí mo rí nínú ìkòkò Ìyá Gáà ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọgbẹ́ wa náà, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní thrombin ló ń gé purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ kó lè hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n, kálísíọ̀mù ló sì ń di àwọn ẹ́ńsáìmù tó ṣáájú rẹ̀ mú síbi iṣẹ́ wọn. Ẹni tí kálísíọ̀mù kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọgbẹ́ rẹ̀ kò ní sé.

Mo lọ sí yàrá ìdánwò ilé ìwé wa lọ́jọ́ kejì. Mo bu mílíìkì tútù sínú ìgò méjì. Mo fi sodium citrate, iyọ̀ kan tí ń gbá kálísíọ̀mù mú, sínú ọ̀kan. Mi ò fi nǹkan kan sínú èkejì. Mo da omi ewé bomubomu sí méjèèjì, mo gbé wọn sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Èkejì dì. Èkíní wà bó ṣe wà, ó kàn ń wò wá ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi dákẹ́ lọ. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn gbọn ìgò náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó ń dún pọ́-pọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá tí kò ṣe ìdánwò yìí.

Iyọ̀ citrate kan náà ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Kó tó di pé wọ́n mọ̀ ọ́n, ẹni tó fẹ́ fúnni lẹ́jẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn ti ẹni tó fẹ́ gbà á, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì láàárín ọ̀nà. Lọ́dún 1914, Albert Hustin ní Brussels àti Luis Agote ní Buenos Aires fi citrate sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí aláìsàn. Lọ́dún 1915, Richard Lewisohn ní New York ṣírò ìwọ̀n tí kò ní pa ẹni tó gbà á lára. Ogun àgbáyé kìíní wà lórí iná nígbà náà, àwọn ọmọ ogun kan sì yè nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ dè wọ́n.

Mo mọ iye tí ìyẹn jẹ́. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bí ọmọ rẹ̀ kẹta, ẹ̀jẹ̀ kò dá lára rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó tì í, mò ń wo báàgì ẹ̀jẹ̀ tí ń kán tó, tó, tó. Lẹ́yìn báàgì kẹrin, nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ kan, mo bi í pé kí ni. Ó ní, "Kálísíọ̀mù ni, mà. Ohun tó wà nínú báàgì tí kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti ń gbá kálísíọ̀mù ara wọn mú." Mo dá a lóhùn pé mo mọ̀ ọ́n, pé mo ti rí i nínú ìkòkò. Kò yé e, èmi náà kò sì lè ṣàlàyé, nítorí omijé. Àbúrò mi yè. Ọmọ náà ti ní ọmọ tirẹ̀.

Ìbéèrè kan kù. Kí ló dé tí wàrà fi gbajúmọ̀ láàárín wa ju mílíìkì tútù lọ, nígbà tó jẹ́ pé Fúlàní ń mu mílíìkì bí omi? Ìyá mi kò jẹ́ mu mílíìkì. Tó bá mu ún, inú rẹ̀ á máa kùn, á máa sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó rò pé èèwọ̀ ìdílé ni. Lọ́dún 1971, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, ẹni tó wá di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn ọ̀rẹ́yìn, pẹ̀lú Norman Kretchmer láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn oníṣègùn Lancet. Wọ́n ti fún oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà ní ṣúgà inú mílíìkì mu, wọ́n sì wo bí ara wọn ṣe gbà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ ọwọ́ ló ní ẹ́ńsáìmù tí ń da ṣúgà yìí, lactase lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti já ọmọ Yorùbá lẹ́nu ọmú, ẹ́ńsáìmù náà a máa lọ, tó fi jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbà Yorùbá tó ní in tó. Àwọn Fúlàní darandaran, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ló ń ní in dọjọ́ ogbó.

Ẹ wá wo ohun tí ewé bomubomu ṣe. Nígbà tí mílíìkì bá pín, púpọ̀ nínú ṣúgà náà á bá omi lọ. Purotéènì, ọ̀rá àti kálísíọ̀mù á dúró sínú wàrà. Ohun tí ikùn wa kò lè gbé ti ṣàn lọ kó tó dé ẹnu wa. Bẹ́ẹ̀ ni mílíìkì Fúlàní ṣe di oúnjẹ Yorùbá. Obìnrin gáà ló ṣe é, kò sì bèèrè lọ́wọ́ dókítà kankan. Mo máa ń rò ó pé ìgò omi wàrà tí ìyá mi ń fi ṣe ènì, bóyá òun ló ń mú inú àwọn oníbàárà rẹ̀ kùn lóru.

Nípa kálísíọ̀mù tó dúró sínú wàrà, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ mú mílíìkì dì dípò ewé nísinsìnyí, nítorí pé ó yá. Ṣùgbọ́n ohun kíkan máa ń yọ́ kálísíọ̀mù kúrò lára purotéènì, á sì bá omi lọ. Ewé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Egungun ọmọ wa nílò kálísíọ̀mù yẹn. Lọ́dún 1999, Tom Thacher, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Jos, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ 123 ní Nàìjíríà tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun. Nílẹ̀ òyìnbó, àìrí oòrùn tó ló sábà máa ń fa àìsàn yìí, fítámì D ni wọ́n sì fi ń wò ó. Àwọn ọmọ tiwa ń rí oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí wọn kò rí ni kálísíọ̀mù: nǹkan bí mílígíráàmù 200 ni wọ́n ń jẹ lóòjọ́. Àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ̀mù, pẹ̀lú fítámì D tàbí láìsí i, ló sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan lọ. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú sórí ẹ̀kọ nìkan, egungun rẹ̀ ń jẹ gbèsè. Ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ tí a jẹ tegungun-tegungun lè san án. Wàrà náà lè bá wọn san án, níbi tó bá wà.

Níbi tó bá wà ni mo wí, nítorí pé ó ń dín kù. Ní 1990, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lo ẹ́ńsáìmù ikùn ọmọ màlúù tí kòkòrò kéékèèké ń pèsè nílé iṣẹ́, lónìí òun ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wàrà wọn. Iṣẹ́ tiwọn ń gbèrú. Gáà tí mo mọ̀ ti ṣófo ní ìlàjì. Ojú ọ̀nà màlúù ti di oko àti ilé, ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ti tú àwọn kan ká, àwọn ọmọbìnrin Fúlàní tó yẹ kó kọ́ iṣẹ́ náà wà ní ìlú, wọ́n ń ta káàdì ìpè. Àárín alárobọ̀ àti Ìyá Gáà, tó kọjá ogun àti ìyàn, ìfura ti ń wọ̀ ọ́. Ó ń dùn mí. Wàrà ni ẹ̀rí tí mo mọ̀ tó dájú jù lọ pé ẹ̀yà méjì lè mú ohun tó yàtọ̀ nínú ara wọn, kí wọ́n sì fi ṣe oúnjẹ.

Ìyá Gáà ti kú, ìyá mi náà ti kú. Nígbà tí mo lọ sí gáà kẹ́yìn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí ìkòkò. Kò ní òṣùwọ̀n ooru. Ó ti ìka bọ inú mílíìkì, ó ní ó tó. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó wà ní kíláàsì kìíní ní ilé ìwé girama, ń bá a gún ewé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Mílíìkì náà ki, ó gbọ̀n pẹ́pẹ́, ó pín.

"Màmá," ọmọ náà bi ìyá rẹ̀, "kí ni ewé ń ṣe fún un gan-an?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn di ọwọ́ tíṣà rẹ̀.

Mo fa àpótí mi sún mọ́ iná. Mo ní, "Tíṣà ti dé. Jókòó."